Ẹ̀tọ́ Ẹlòmíràn Kò Sí Nínú Ìwé Àṣẹ Ìwakùsà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn Mùsùlùmí ní Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, tí ó sì fi ohun tí ó wù Ú pamọ́ sínú wọn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipa wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, ìtàn kan wà nínú ìwé Hadíìsì Abū Dāwūd tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá kàn mọ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún sàhábà kan tí ń jẹ́ Bilāl ọmọ al-Hārith, ará Muzaynah, ní àwọn kùsà Qabaliyyah, àti èyí tí ó wà lórí òkè àti èyí tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bilāl yìí kì í ṣe Bilāl tí ó máa ń pe ìrun. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. A kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Nínú ìwé kan náà ni Ànábì ti jẹ́ kí ó hàn pé òun kò fi ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí kankan kún ohun tí òun fún un. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì rọrùn láti kà á kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ẹni tí a fún ní kùsà, kùsà nìkan ni a fún un. A kò fún un ní oko ẹni tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùsà. A kò fún un ní odò tí abúlé ń pọn. A kò fún un ní ẹ̀mí àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́, a kò sì fún un ní ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé kí ni ọ̀rọ̀ kùsà ní í ṣe pẹ̀lú Ẹlẹ́yẹlé, àdúgbò tí a mọ̀ mọ́ omi, tí a kò mọ̀ mọ́ ìwakùsà. Kí onítọ̀hún gbé ojú sókè wo òrùlé. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, tí owó epo sì fò sókè, àwọn tí apá wọn ká a ti ń ra pánẹ́ẹ̀lì tí ń gba agbára oòrùn. Àwọn mọ́sálásí náà ń rà á. Ohun tí ó dára ni. Kò ní èéfín, kò sì ní ariwo tí yóò bo ohùn Lèmọ́mù mọ́lẹ̀ nínú ìrun Ìṣáì bí jẹnẹrétọ̀ ti máa ń ṣe. Àwọn onímọ̀ ayé pẹ̀lú sọ pé iná tí kò ní èéfín ni yóò dín ooru tí ń gorí ayé kù. Ìlú tí ó rí omíyalé Ògùnpa ní ọdún 1980, tí ó sì tún rí ti ọdún 2011, kò yẹ kí ó fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Ṣùgbọ́n oòrùn kì í ràn lóru. Bátìrì ni ó ń tọ́jú agbára rẹ̀ di alẹ́, èròjà tí ó sì wà nínú àwọn bátìrì tuntun, àti nínú tẹlifóònù, àti nínú ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná rìn, ni a ń pè ní lithium. Inú òkúta ni a ti ń rí i, òmíràn nínú òkúta náà a máa ní àwọ̀ àlùkò. Ilẹ̀ ni a ń wà kí a tó rí i. Wọ́n ń wà á ní Kómu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà. Ó wà ní Ìjerò-Èkìtì. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Násáráwá. Púpọ̀ nínú èyí tí a ń wà káàkiri ayé ni a ń kó lọ sí China láti sọ ọ́ di èròjà bátìrì, lẹ́yìn náà ni yóò padà wá sí ọjà ní Dùgbẹ̀ nínú páálí, tí ẹni tí ó rà á kò ní mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé wàhálà kùsà kò lè kúrò ní oko wá sí ìgboro, kí ó rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 2024. Láàárín Màgàríbì àti Ìṣáì ọjọ́ náà ni ilé kan bú gbàù ní Bódìjà àtijọ́. Ìró rẹ̀ mi ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ilé wó, ó kéré tán ènìyàn 5 kú, àwọn tí ó farapa sì lé ní 70. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ fún aráyé pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó ń gbé inú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, tí wọ́n sì kó ohun abúgbàmù pamọ́ sí ibẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí ìjàǹbá náà bá kò wa kùsà. Wọn kò ta òkúta, wọn kò sì jẹ nínú èrè rẹ̀. Inú ilé wọn ni wọ́n jókòó sí.

Ta ni ó ni ohun tí ó wà nínú ilẹ̀? Ìbéèrè yìí ni àwọn onílẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè, inú sì máa ń bí wọn sí ìdáhùn rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 44, fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Baálé lè ní ilẹ̀, kò ní òkúta tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan rò pé òfin òyìnbó ni èyí, tí kò sí nínú ẹ̀sìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀nà Imāmu Mālik, tí àwọn àáfà ilẹ̀ Yorùbá ti ń tẹ̀lé láti ìgbà pípẹ́, ìdájọ́ tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé ọwọ́ olórí ni kùsà wà, bí a bá tilẹ̀ rí i nínú ilẹ̀ onílẹ̀. Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ènìyàn burúkú lè ṣàdéédé rí kùsà, bí kò bá sì sí aláṣẹ lórí rẹ̀, ìjà ni yóò bí. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìbọn ti ṣe ní àwọn ibi ìwagóòlù ní Sàmfárà yóò mọ̀ pé wọ́n ríran jìnnà.

Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ lo gbogbo agbára wa lórí ta ni ó ni ín. Ohun tí ó yẹ kí a máa bèèrè ni ohun tí ẹni tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ń fi í ṣe. Ìlànà kan wà láàárín àwọn onímọ̀ fíkíhì tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀: àǹfààní àwọn tí olórí ń ṣe àkóso wọn ni a fi de gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ lórí wọn. Amáànà ni kùsà ní ọwọ́ ìjọba. Ẹni tí a fi amáànà sí lọ́wọ́ kò di olówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìtàn mìíràn, nítorí òun ni ó ṣe kedere jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abyad ọmọ Hammāl, sàhábà tí ó wá láti ilẹ̀ Yemen, bẹ Ànábì pé kí ó fún òun ní kùsà iyọ̀ tí ó wà ní Ma'rib. Ànábì fún un. Nígbà tí Abyad yí ẹ̀yìn padà, ọkùnrin kan nínú àwọn tí ó jókòó bèèrè bóyá Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun mọ ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fún ẹni yìí. Ó ṣàlàyé pé iyọ̀ ibẹ̀ dà bí omi tí kì í gbẹ, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ibẹ̀ lè bù láìṣe wàhálà. Ànábì sì gba kùsà náà padà. Abū Dāwūd, Tirmidhī àti Ibn Mājah ni wọ́n gba ìtàn yìí wá.

Kí Mùsùlùmí dúró díẹ̀ kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó fúnni ní kùsà ni ẹni tí ó lọ́lá jù nínú ẹ̀dá, tí ìmísí Ọlọ́hun ń sọ̀ kalẹ̀ fún. Síbẹ̀, nígbà tí ẹnìkan tí ó mọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó gbọ́. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu òun. Kò sọ pé ọkùnrin náà jẹ́ ọ̀tá ìlọsíwájú. Kò sì sí ẹni tí ó ti ọkùnrin náà mọ́lé. Ohùn ẹnìkan ṣoṣo tí ó mọ ilẹ̀ tó láti dá ìwé àṣẹ padà.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe rí lónìí? Ní Àbújá ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ Mining Cadastre Office wà, orí àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pín kùsà fún ẹni tí ó bá bèèrè. Àwòrán ilẹ̀ kò lè fi igi igbá tí ìyá arúgbó kan ń ká hàn. Kò lè fi ìsun omi tí kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn hàn, tàbí ibi tí wọ́n sin àwọn bàbá sí. Àwọn ará abúlé ni wọ́n mọ ìwọ̀nyí, òfin náà sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Òfin ọdún 2007 yìí, ní abala 3, kọ̀ kí a wa kùsà ní ilẹ̀ tí ìlú, abúlé, ọjà tàbí ibi ìsìnkú wà, tàbí ní ibi tí kò tó mítà 50 sí ọ̀nà ìjọba, ìdídò tàbí adágún omi. Àwọn ará Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ń gbé lẹ́bàá omi tí a dí ní ọdún 1942, kò nílò kí a ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Abala 107 sọ pé awakùsà gbọdọ̀ san owó gbà-má-bínú lórí irè oko, igi àti ilé tí ó bá bàjẹ́. Abala 116 sọ pé ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyàfi tí ó bá ti bá àwọn ará ìlú ibẹ̀ tọwọ́ bọ àdéhùn lórí ohun tí wọn yóò jẹ nínú rẹ̀: ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọ̀nà, omi, iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ìlú.

Òfin tí ó dára ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìwé tí a kọ fún Bilāl ọmọ al-Hārith. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí òfin náà kàn ni ó mọ̀ pé ó wà? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Ohun tí ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé alágbàtà yóò wá pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá, yóò fún olórí ìlú ní owó tí a dì sínú àpò, yóò ra ẹran fún àwọn ọ̀dọ́, wọn yóò sì pe èyí ní àdéhùn. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pọn omi kò sí níbẹ̀. Àjèjì tí ó ti ń dáko níbẹ̀ láti ogún ọdún kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, odò ti di ẹrẹ̀.

Ìjọba kò dákẹ́ pátápátá. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì, Délé Àlàké, fi àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó lé ní 2,000 lọ́lẹ̀ láti máa lé àwọn awakùsà tí kò ní àṣẹ. Ó tún ti sọ léraléra pé ẹni tí ó bá fẹ́ lithium ilẹ̀ yìí gbọdọ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbí, kí ó má kàn kó òkúta lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìwé àṣẹ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ń bèèrè. Ẹni tí ó ní ìwé tí ó sì ń pa odò, ta ni yóò lé e? Ẹ̀tọ́ ìjọba lórí kùsà ti rí ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀tọ́ àwọn tí ilẹ̀ wọn ń dá ihò kò tíì rí.

Nínú Súrà Al-Hadīd, ẹsẹ 25, Ọlọ́hun sọ pé Òun rán àwọn òjíṣẹ́, Òun sọ ìwé àti òṣùwọ̀n kalẹ̀ pẹ̀lú wọn kí àwọn ènìyàn lè dúró lórí déédéé, Òun sì sọ irin kalẹ̀, èyí tí agbára líle àti àǹfààní wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé òṣùwọ̀n ni a kọ́kọ́ dárúkọ kí a tó dárúkọ irin. Ohun àlùmọ́ọ́nì tí a kò fi òṣùwọ̀n ṣáájú rẹ̀, agbára líle inú rẹ̀ nìkan ni yóò hàn.

Òṣùwọ̀n yìí ni ó sọnù ní Pasali, ní ìpínlẹ̀ Násáráwá. Àwọn oníròyìn Associated Press lọ sí ibẹ̀, wọ́n sì gbé ìròyìn wọn jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Àwọn ọmọdé tí kò ju ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ ni wọ́n bá tí wọ́n ń fọ́ òkúta lithium, tí wọ́n ń ṣà á sínú àpò. Ọmọ mẹ́fà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì pín náírà 4,000. Kí ẹnikẹ́ni ṣírò ohun tí ó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò tó owó búrẹ́dì kan ní Ẹlẹ́yẹlé. Ní Kóńgò, níbi tí ó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún cobalt àgbáyé ti ń jáde, èyí tí òun náà wà fún bátìrì, ẹgbẹ́ Amnesty International ti kọ ìwé lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2016. Àwọn tí ó sì rò pé eruku òkúta kì í pani kí wọ́n rántí Sàmfárà ní ọdún 2010. Góòlù ni wọ́n ń lọ̀ nínú ilé níbẹ̀, òjé wà nínú òkúta náà, ó sì pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ.

Ẹni tí ó gbọ́ Lárúbáwá díẹ̀ lè mú Hadíìsì kan wá láti dá àwọn oníkùsà láre, èyí tí Bukhārī àti Muslim gbà wá, tí Ànábì ti sọ nínú rẹ̀ pé kò sí owó ẹ̀jẹ̀ lórí ẹni tí kùsà bá pa. Hadíìsì tí ó ní àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n kí a bi àwọn onímọ̀ léèrè kí a tó bi ọkàn wa. Imāmu Nawawī ṣàlàyé rẹ̀ pé ẹni tí ó gbẹ́ kùsà nínú ilẹ̀ ara rẹ̀ tàbí ní ibi tí kò sí ẹni tí ó ni ín, tí ẹni tí ń kọjá ṣubú sínú rẹ̀, tàbí tí ó wó pa ẹni tí ó háyà, kò ní sí owó ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà àwọn Mùsùlùmí ni ó gbẹ́ ẹ sí, tàbí inú ilẹ̀ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, tí ènìyàn sì kú síbẹ̀, owó ẹ̀jẹ̀ di dandan. Ihò tí a gbẹ́ sí ọ̀nà oko, tí a kò dí, tí òjò kún, tí ọmọ ọlọ́mọ rì sínú rẹ̀, ǹjẹ́ ó bọ́ sábẹ́ ìdáríjì náà? Ohun abúgbàmù tí a kó sínú ilé tí a háyà láàárín ìgboro ńkọ́? Ọmọdé tí a gbà síṣẹ́ eléwu láìjẹ́ kí alágbàtọ́ rẹ̀ mọ̀ ńkọ́? Hadíìsì kan ṣoṣo tí a gé ìtumọ̀ rẹ̀ kúrú ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sínú ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀.

Bí àwọn òbí bá sì ni wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ wọn wà nínú Súrà Al-Isrā', ẹsẹ 31, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún ènìyàn láti pa ọmọ rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù òṣì, tí Ó sì sọ pé Òun ni Òun ń pèsè fún ọmọ àti òbí. Ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni kí àáfà ka ẹsẹ yìí fún tálákà kí ó sì lọ. Níbo ni sàká wà? Ní ìlú tí sàká bá ti ń rìn bí ó ti yẹ, alágbàtà kò ní rí ọmọ ọdún mẹ́jọ háyà ní ẹgbẹ̀ta náírà.

Lórí sàká náà, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan kúrò ní ọ̀nà. Àwọn tí ń ra òkúta tí wọ́n ń tà á ti gbọ́ pé, ní ọ̀nà Mālik, kò sí sàká lórí ohun tí a wà láti inú kùsà àyàfi wúrà àti fàdákà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi òkúta ṣe ọjà ti di oníṣòwò, sàká ọjà sì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ti ẹni tí ń ta aṣọ ní Gbági.

Ó kù sí ẹ̀yìn àwọn mọ́sálásí fúnra wọn. Nígbà tí ọlọ́rọ̀ tuntun bá dé, tí ó fẹ́ ṣe kápẹ́ẹ̀tì, tí ó fẹ́ kọ́ mínárà, inú ìjọ a máa dùn, wọn a sì fi oyè dá a lọ́lá. Kò sí ẹni tí ń bi í léèrè. Bí ó bá jẹ́ owó òkúta ni, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí bèèrè ibi tí ó ti wà á, ẹni tí ó bá a wà á, àti àdéhùn tí ó bá àwọn onílẹ̀ ṣe. Bí kò bá rí ìdáhùn, kí wọ́n dá owó náà padà fún un. Ọlọ́hun mọ́, kì í gbà ju ohun tí ó mọ́ lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìgbìmọ̀ kan tí Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, António Guterres, yàn lórí ohun àlùmọ́ọ́nì tí iná aláìléèéfín nílò gbé ìlànà méje jáde, àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni yóò wà ní àárín gbùngbùn gbogbo rẹ̀, láti inú ihò kùsà títí dé ọwọ́ ẹni tí ó ra ọjà. Inú Mùsùlùmí dùn sí i. Kì í ṣe ohun tuntun fún ẹni tí ó mọ ìtàn Qabaliyyah, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe òtítọ́, a óò jẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ kò kọjá agbára. Onílé ní Ìbàdàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ayálégbé rẹ̀ ń kó wọlé lóru, àwọn aládùúgbò sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Bódìjà ti kọ́ wa. Ẹni tí ó fẹ́ ra bátìrì kò ṣẹ̀ bí ó bá rà á, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbàgbé àwọn tí wọ́n wà á. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kàwé òfin nínú ìjọ, tí púpọ̀ nínú wọn ní mọ̀lẹ́bí ní Òkè-Ògùn, kí wọ́n túmọ̀ abala 3, 107 àti 116 sí Yorùbá tí ó yé ènìyàn, kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn Lèmọ́mù ibẹ̀, kí àwọn náà kà á sí etí ìjọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Níbi tí àdéhùn bá ti wà, kí wọ́n bèèrè ẹ̀dà rẹ̀. Ọdún márùn-ún-márùn-ún ni òfin sọ pé kí a máa tún un yẹ̀wò. Ẹ̀dà kan kí ó wà ní ààfin, kí òmíràn wà ní mọ́sálásí, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń pọn omi, nítorí àwọn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí odò bá ti yí padà.

Wassalāmu ʿalaykum wa raḥmatullāhi wa barakātuh.